Ọ̀nà Tí Bàbá Kẹ̀kẹ́ Fi Bárò Là

Oníjà ni bàbá mi ń pè mí, kò sì parọ́ mọ́ mi. Ibi tí a ti ń yá kẹ̀kẹ́ fún àlejò ni mo ń bójú tó, lẹ́bàá géètì igbó tí ìjọba dá sí, igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí pa ẹran nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dá kẹ̀kẹ́ padà tó ní ṣéènì rẹ̀ ń dún, kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti fún un lésì mẹ́ta. Bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kọlu àga, ó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga. N kò mọ ibi tí mo ti gbé tèmi wá, àfi kí ẹ bi ìyá mi.

Bàbá Kẹ̀kẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó ga, ó sì tín-ín-rín, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún a sì máa dún bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú igbó náà ni kí ó máa tún ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà Pupa, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí lára igi, jẹ́ ti àwọn tí ara wọn ń gbóná. Òkúta ló kún ibẹ̀, àwọn tó ń gùn ún sì máa ń fò bí ìgalà. Ọ̀nà Ewé ni èkejì, kìlómítà mẹ́rin péré, fún àwọn tí kò gun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀pa rí: ìyàwó ilé tó gùn ún kẹ́yìn nígbà tó wà nílé ìwé, ọkùnrin oníkùn tí dókítà ti dẹ́rù bà, àti àwọn tọkọtaya tí kò tíì mọ̀ pé àwọn máa jà kí àwọn tó dé orí afárá. Bàbá mi nìkan ló la Ọ̀nà Ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún méjìlá ló fi là á, tó sì ń tún un ṣe.

Bí ó ṣe là á nìyí. Kò ní ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kankan. Bárò onítáyà kan tí wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀ ló ní. Á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sínú bárò náà, omi á kù díẹ̀ kó kún dé etí, á wá máa tì í lọ lójú ọ̀nà. Ibi tí omi bá ti dà, á gbé ṣọ́bìrì, á tún ibẹ̀ gbẹ́. "Bí omi ò bá dà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò ní ṣubú," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo kọ́nà Ọ̀nà Ewé fi fẹ̀, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ fi rọra ń lọ sísàlẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, á dúró síwájú àwọn àlejò, á máa kọ́ wọn: "Ẹ má wo táyà, iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò. Ìka méjì lórí bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí èjìká yín rọ̀." Ẹ̀rù wọn á sì fúyẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ kì í le mọ́ ènìyàn.

Ibì kan ṣoṣo ló ń dójú tì wá. Lẹ́yìn afárá onípákó, kọ́nà kan wà tí gbòǹgbò igi dábùú rẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í ti ibẹ̀ dé pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ bíbó. Àwọn àlejò sọ ọ́ ní Kọ́nà Ẹkún. Bàbá mi ti bárò lọ síbẹ̀ láìmọye ìgbà, omi kò dà. Nítorí náà, ẹ̀bi ọ̀nà kọ́, ẹ̀bi àwọn tó ń gùn ún ni. Èmi sì ni agbẹjọ́rò ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kan wà tó ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, tó fi omijé dá kẹ̀kẹ́ padà fún mi. Mo ní, "Àǹtí, bóyá kẹ̀kẹ́ ò kàn bá yín lára mu ni." Kò padà wá mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa pe bàbá mi sí ọ́fíìsì. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun Ọ̀nà Pupa ti kọ lẹ́tà sí oríkò iṣẹ́ wa. Wọ́n ní Ọ̀nà Ewé kò wúlò fún àwọn tí wọ́n torí wọn là á, pé àwọn ènìyàn ń ṣubú níbẹ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sọ ọ́ di ibi tí àwọn á ti máa fi kẹ̀kẹ́ fò. Aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọ̀nà náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, oríkò á fà á lé ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Ìlànà rẹ̀ sì ni pé ẹni tó la ọ̀nà ni yóò gun kẹ̀kẹ́ síwájú òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. "Bàbá Kẹ̀kẹ́, ẹja ni wọ́n fẹ́ fi odò dẹ́rù bà yìí!"

Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó nínú yàrá ìdáná wa, ó bó ọsàn kan tán, kò jẹ ẹ́. Ìyá mi ń fọ abọ́. Láìwẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ sọ fún un, Bàbá Oníjà. Ẹ sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bàbá mi wo ọsàn. "Mi ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i pé èmi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, mo pa ẹnu mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń mú lọ sí ibi iṣẹ́, ṣọ́bìrì àti réèkì á wà lórí rẹ̀. Àmọ́ ó ń tì í ni. Orúnkún ló máa ń fi ṣe àwáwí. N kò rí i lórí kẹ̀kẹ́ rí, ojú mi kò sì sọ fún mi.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi," mo ní.

"Mo bá ẹ dì í mú ni. Èmi ni àkọ́bí. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni bàbá wa ní. Mo di ìjókòó ẹ̀ mú fún àwọn àbúrò mi márààrún, mo ń sáré tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wá kàn mí, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti gùn ún lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ká tó wí ká tó fọ̀, mo ti di géńdé. Géńdé wo ló máa ní kí wọ́n bá òun di ìjókòó mú?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bí mi. Mo ní kó fi orúnkún ṣe àwáwí fún aṣàyẹ̀wò náà, bó ti ń fi ṣe é fún gbogbo wa. Ó mi orí. "Bí mo bá fi orúnkún bẹ̀bẹ̀, ọ̀nà yẹn ló máa lọ. Oníjà, bá mi dì í mú."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láràárọ̀, kí géètì tó ṣí, lẹ́yìn ilé tí a ń kó irinṣẹ́ sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ní òfin kan. Àwọn bàbá mìíràn a máa yọ́ ọwọ́ kúrò lára ìjókòó láìwí fún ọmọ. Tèmi kì í tan ọmọ jẹ. Bó bá ti fẹ́ fi mí sílẹ̀, á pariwo, "Mo ti fi sílẹ̀ o!" Èmi náà á sì dáhùn, "Mo mọ̀!" Ó bẹ̀ mí pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pariwo báyìí, ilẹ̀ ló ń bá a. Ìyá mi gbé àga wá síbẹ̀ kó lè wò wá dáadáa. "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò," ó ní, "ẹ̀yin lẹ dúró títí ó fi kan àwọsánmà." Ṣùgbọ́n òun náà ló ń gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó lọ tó ìwọ̀n ilé mẹ́ta láìṣubú. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Síbẹ̀, ohun méjì kò wọ̀ ọ́ lára: kò lè dá gbéra, kò sì lè dúró. Bíréèkì tó ti ń kọ́ ayé láti ọdún méjìlá, bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń lọ, á gbàgbé pé ó wà. Igi ló fi ń dúró.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀nà Ewé. Mo ń sáré lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè ẹ̀mí. Ó kọjá afárá. Ó dé Kọ́nà Ẹkún, ó sì ṣubú gbì.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kò wò ó. Gbòǹgbò yẹn ló ń wò.

"Oníjà, táyà mélòó ni bárò ní?"

"Ọ̀kan."

"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

Mo ní méjì ni. Ó fi ìka fa ìlà sórí ilẹ̀ fún mi. Táyà iwájú gba ibi tó fẹ̀ kọjá, kò fara kan gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ bá ń yà ní kọ́nà, táyà ẹ̀yìn kì í tẹ ojú ipa ti iwájú. Inú kọ́nà ló máa ń sún mọ́. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò náà ti ń dè é. Bárò kò ní táyà ẹ̀yìn tó máa fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ọdún méjìlá," ó ní. "Àwọn èèyàn yẹn ò purọ́."

Orí yéye ní mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Mo rántí nọ́ọ̀sì yẹn àti omijé rẹ̀, ojú sì tì mí gan-an. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo wá nọ́ńbà rẹ̀ jáde nínú ìwé tí a fi ń yá kẹ̀kẹ́, mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́. Ó béèrè, "Ṣé ẹ ti tún ibẹ̀ ṣe?" Mo ní à ń tún un ṣe lọ́wọ́. Òótọ́ sì ni. Ọjọ́ mẹ́ta la fi yí ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí gbòǹgbò kò dé, tí a fi amọ̀ gbé etí rẹ̀ sókè. Bàbá mi kò gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wá rárá. Á gun kẹ̀kẹ́ kọjá, á di igi mú kó lè sọ̀ kalẹ̀, á gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, á ní kí n tún wá di ìjókòó mú.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Obìnrin ni aṣàyẹ̀wò náà, ó sanra níwọ̀nba, ó dé akoto aláwọ̀ eérú, kò sì fẹ́ràn àwàdà. Ọ̀gá wa ti ń fọ́nnu fún un nípa Bàbá Kẹ̀kẹ́ nígbà tí bàbá mi bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí a tó lọ. Mo ti ń la ọ̀nà yìí láti ọdún méjìlá, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kẹ̀kẹ́."

Ẹnu ọ̀gá wa là sílẹ̀, kò sì rántí pa á dé.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ fún mi?" obìnrin náà béèrè.

"Kẹ́ ẹ má baà rò pé ọ̀gá ló ń mú yín lọ. Wọ́n ní ọ̀nà yìí ò wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Èmi gan-an nìyẹn. Bí mo bá gùn ún já, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa. Bí mo bá ṣubú, ẹ gbé e fún wọn."

Lẹ́yìn náà, lójú gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti ń pè é ní Bàbá Kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó yíjú sí mi. "Oníjà, wá bá mi dì í mú."

Mo dì í mú. Mo sáré tẹ̀ lé e títí dé ibi àmì ọ̀dà àkọ́kọ́, mo pariwo, "Mo ti fi sílẹ̀ o!"

"Mo mọ̀!"

Aṣàyẹ̀wò gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n wọ inú igi lọ, a kò rí wọn mọ́. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Ìyá mi, tó ti gbé àga rẹ̀ wá, jókòó, ó ká ọwọ́ sí itan. Èmi fọ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ohun tí n kò rò: afárá, amọ̀ tí kò tíì gbẹ dáadáa, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró ṣéènì.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ yọ. Kò sí ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Ó kọjá níwájú wa, ó kọjá ọ́fíìsì, ó ń lọ. Aṣàyẹ̀wò dé lẹ́yìn rẹ̀, òun tẹ bíréèkì, ó dúró, ó bọ́ akoto.

"Kí ló dé tí wọn ò dúró?"

"Wọn ò tíì kọ́ ìyẹn," ni ìyá mi wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin náà rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó nu ojú, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sọ fún ọ̀gá wa pé, "Ọ̀nà yìí ò ní kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Mo fẹ́ mú àbúrò mi wá, ẹ̀rù kẹ̀kẹ́ ń bà á."

Bàbá mi ti yí ọgbà po, ó tún ń bọ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo sáré jáde láti lọ gba ìjókòó mú kó lè sọ̀ kalẹ̀.

"Oníjà, má dì í mú o!"

Mo dúró. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, eyín rẹ̀ wà lóde bíi ti ọmọdé, ó sì tún kọrí sí Ọ̀nà Ewé. Ọwọ́ mi ṣì wà ní nínà. N kò di nǹkan kan mú, síbẹ̀ mo pariwo, "Mo ti fi sílẹ̀ o!"

Láti inú igi ló ti dáhùn pé òun mọ̀.