Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tó Jókòó sí Pálọ̀ Mi

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Accra ló ra ẹ̀rọ ìfọṣọ náà fún mi. Ó wá kí wa nílé wa ní Asawase, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń fún bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ó rí i bí mo ṣe ń fa ojú ro nítorí ọrùn ọwọ́ tó ń dùn mí. Kó tó padà, ó lọ sí ìsọ̀ ńlá kan láàárín ìlú, ó sanwó, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sí rìsíìtì, kí wọ́n sì gbé e wá sílé. Ó ní, "Màámi, ọwọ́ yín ti ṣe tó. Ẹ jẹ́ kí maṣíìnì máa fọ̀ ọ́."

Mo sunkún. Mo ṣàdúrà fún un títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí àwọn tó gbé e wá bá mi gbé e sí pálọ̀, kó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé má baà sọ pé òun kò rí i.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nǹkan tuntun kì í ṣe ohun tí à ń lò, ohun tí à ń tọ́jú ni. Àwọn àwo tí ìyá mi rà nígbà tí mo wà lọ́mọdé ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, ẹnu kan ò tíì jẹun nínú wọn. Àga tí ọkọ mi ń jókòó sí ṣì wà nínú náílọ̀nù tí wọ́n fi gbé e wá láti ìsọ̀. Bó bá ti yí ìdí padà báyìí, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Èmi wo ni n ó wá fa náílọ̀nù ya lára ohun tí ọmọ mi rà? Mo fi aṣọ funfun tí mo fọwọ́ ara mi hun bò ó, mo gbé òdòdó rọ́bà lé e lórí. Bí àlejò bá wọlé, tó sì béèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, n ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un béèrè. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan, bàbá àgbàlagbà jẹ́ẹ́jẹ́, gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ kan. Mo fò dìde bí ẹni tí ejò bù jẹ. Láti ìgbà náà, bàbá yẹn kò mu tíì nílé wa mọ́.

Mo ní tí ọdún Iléyá bá dé, n ó ṣí i. Iléyá dé, mo ní iná kò dúró dáadáa, kó má lọ jó o. Iná dúró, mo ní àwọn tí a jọ ń gbé inú ilé yóò kó aṣọ ọmọ wọn wá. Ní gbogbo àkókò yìí, èmi nìyẹn lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, èmi àti bàsíà mi. Bí ọmọ mi bá pè, tó ní, "Màámi, maṣíìnì ńkọ́?" n ó ní, "Ó wà dáadáa." N kò sì purọ́. Ó wà dáadáa, ó mọ́ ju gbogbo wa lọ.

Ìsọ̀ tó tà á pàápàá pè mí. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ni, ó ń sọ Twi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe sí, pé bí àléébù kan bá wà, kí n tètè sọ, nítorí ọdún kan péré ni wárántì rẹ̀. Ẹ gbà mí, kí ni Mùsùlùmí tó gba ẹ̀kọ́ ilé máa sọ nígbà tí ẹnì kan bá béèrè bí nǹkan ṣe rí? Mo ní alhamdulillahi. Mo ní ó dára gan-an, kò sí wàhálà kankan. Ohùn ọmọ náà wù mí, mo bá béèrè bóyá ó ti lọ́kọ. Ó ní rárá. Mo ṣàdúrà ọkọ rere fún un lórí fóònù níbẹ̀, ó ń ṣe àmín lọ́hùn-ún, a sì dágbére.

Ọdún yí po, oṣù díẹ̀ sì gorí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ gé àlùbọ́sà, ọ̀bẹ ń já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tún un mú, ó tún já bọ́. Ẹ̀rù bà mí gidi. Bàtà ni mò ń tà ní ọjà Dichemso, ọwọ́ yìí ni mo fi ń wọ̀ ọ́ fún oníbàárà. Mo dìde, mo ṣe bísímílà, mo fa náílọ̀nù ya. Ó dùn mí bí ẹni pé aṣọ ara mi ni mò ń fà ya.

A gbé e sí ẹ̀bá omi, a ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Omi wọ inú rẹ̀. Ó kérora. Ó tún kérora, ṣùgbọ́n aṣọ inú rẹ̀ kò yí. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́. Mo fi kọ́ọ̀pù bu omi inú rẹ̀ sí bàsíà, mo sì fi omi ọ̀hún fọ aṣọ.

Mo ti gbọ́ agbẹjọ́rò kan lórí rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ra ọjà. Mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ sókè nínú ọkọ̀ trotro tó ń gbé mi lọ sí ìsọ̀ náà títí tí ẹni tó jókòó tì mí fi sún kúrò. Mo wọ léèsì, mo wé gèlè, bí ẹni ń lọ sí ilé ẹjọ́.

Ọ̀gá ìsọ̀ náà, ọkùnrin kúkúrú kan, wo rìsíìtì mi. Ó ní, "Hajia, mepa wo kyɛw, ẹ máà bínú, wárántì ti parí."

N kò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè mí ní Hajia, n kì í bá a jiyàn. Mo ní, "Wárántì parí, ẹ̀tọ́ mi kò parí. Ìlérí tiyín ni wárántì, òfin wà lọ́tọ̀. Àléébù tó bá ti wà nínú ọjà lọ́jọ́ tí ẹ tà á, tí ẹ kò sì fi hàn mí, ẹ̀yin lẹ ó dáhùn fún un."

Àwọn oníbàárà yíjú. Ara mi yá, mo tún gèlè mi ṣe.

Ọkùnrin náà ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ti lò ó ju ọdún kan lọ. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé àléébù náà ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó rà á?"

Ibẹ̀ ni aboyún kan ti sáré jáde láti ẹ̀yìn káńtà. "Maame! Ohùn yín ni mo gbọ́! Ẹ̀yin lẹ ṣàdúrà fún mi lórí fóònù!" Ó dì mọ́ mi, ó gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀. Ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn: "Ìyá yìí ni mo máa ń ròyìn rẹ̀! Ó sọ fún mi nígbà yẹn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí wàhálà kankan."

Àdúrà mi gbà. Ẹni tó gbà fún ló sì wá ń jẹ́rìí takò mí.

Ọ̀gá náà ká apá mọ́ àyà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bá pariwo: "N kò lò ó rí! Kò tíì fọ áńkáṣíìfù kan!"

"Hajia, ibo ló wà látọjọ́ yìí?"

"Nínú pálọ̀."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó jókòó."

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Aboyún náà di ikùn mú. Ojú tì mí débi pé èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní ó dáa, òun á rán atúnṣe wá wò ó. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé a kò lò ó, tí àléébù sì ti ilé iṣẹ́ wá, àwọn á ṣe é láìgba nǹkan kan.

Atúnṣe wá lọ́jọ́ kejì. Ó rí ìwé ìlò tí ẹnì kan kò tíì ṣí. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó fi hàn mí pé wọn kò de mọ́tò rẹ̀ dáadáa nílé iṣẹ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní kó pààrọ̀ mọ́tò. Báyìí ni mo ṣe borí! Mo rìn yíká àgbàlá, mò ń sọ ọ́ fún gbogbo ayálégbé bí mo ṣe fi òfin gbá ọkùnrin náà mú.

Ìròyìn ńlá bẹ́ẹ̀ kò ṣe é pa mọ́ fún ọmọ ẹni. Mo pè é, mo ròyìn ohun gbogbo látòkèdélẹ̀, mo ṣe ohùn ọ̀gá, mo ṣe ohùn aboyún. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti pariwo, mo pariwo rẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo retí ẹ̀rín. Ìbéèrè ni mo gbọ́.

"Màámi, kò fọ aṣọ kankan?"

"Áńkáṣíìfù kan, kò fọ̀ ọ́!" Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Láti ọjọ́ tí mo ti rà á?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

"Adɛn, Màámi? Kí ló dé? Ta ló wá ń fọ aṣọ látọjọ́ yìí?"

Mo gbọ́ bó ṣe ń sunkún ní Accra. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí wúwo lọ́wọ́ mi, mo gbé e sí ọwọ́ kejì, ìyẹn náà sì ń dùn mí.