Nọ́ńbà Tó Ń Yí Lójú Dígí Onídìrí

Wọ́n ní onídìrí tó wà ní ìkángun àdúgbò wa ń rí nọ́ńbà tẹ́tẹ́ lójú àlá. Irọ́ funfun báláú. Òótọ́ ni pé ó máa ń fi ọṣẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin sójú dígí, táwọn oníbàárà sì ń dà á kọ lọ sílé tẹ́tẹ́. Wọn ò tiẹ̀ bi ara wọn pé tẹ́tẹ́ wo ló ní igba ó lé méje nínú.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ilé rẹ̀ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ìyá rẹ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ kán. Dókítà ní kò gbọdọ̀ dìde láìsí ẹni tó máa dì í mú. Onídìrí ò lè ti ṣọ́ọ̀bù pa, ló bá gbé kámẹ́rà sí pálọ̀, ó ń ti orí fóònù ṣọ́ màmá. Àmọ́ bí iná bá lọ, tí àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kú tó tún jí, nọ́ńbà ilé ti yí nìyẹn. Àfi kó tẹ tuntun sórí fóònù kó tó tún rí màmá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan sílé, tó ń yẹ nọ́ńbà náà wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bó bá ti yí, á fi tuntun ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n á kọ ọ́ sí dígí, tó bá di orí tó wà lọ́wọ́ tán, á tẹ̀ ẹ́.

Ló bá di pé lójoojúmọ́, ní aago mẹ́rin, nọ́ńbà ń yí. Iná ò sì lọ.

“Àbúrò, kọ̀ǹpútà rẹ ti ya wèrè.”

“Kọ̀ǹpútà kọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kan ló ń yọ wáyà àpótí. Ẹ bi màámi.”

“Ta ló ń bi màámi ní nǹkan tí wọ́n dáhùn?”

Lọ́jọ́ kejì, bí nọ́ńbà ti wọlé, ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì orí, ó tẹ̀ ẹ́. Màmá rèé láàárín pálọ̀, ọ̀pá wà lórí àga, ìdí ń lọ sọ́tùn-ún sósì bíi ti ọmọ ogún ọdún.

Ó sáré délé, kóòmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màámi, ṣé ẹ tún fẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn kán ni?”

“Ṣebí níṣojú mi ni ìwọ àti àbúrò ẹ ti ń sọ pé bí àpótí yẹn bá kú, ẹ ò ní rí mi títí wàá fi tẹ nọ́ńbà tuntun. Mo yọ wáyà, mo dá a padà. Èmi tí mo kọ́ ẹ ní ìrìn, ta ló ní kí n máa rin tàgétàgé lójú ẹ?”

Olórí ìlàjì tó sáré tẹ̀lé e rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Dókítà yẹ màmá wò: egungun ti jinná, kó kàn dín ijó kù.

Ọjọ́ tó ń dì mí lórí, mo bi í bóyá ó ṣì ń ṣọ́ màmá.

“N kì í tẹ nọ́ńbà yẹn mọ́,” ló wí. “Bó bá ti yí, mo mọ̀ pé màámi ti ń jó nìyẹn.”