Igbá Tí Mo Fín Ilé Orí Omi Sí

Ọjọ́ tí mo gbé igbá ìyàwó láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1988 kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Ìlàjẹ kan dé, níbi tí omi ti ń ṣe títì. Àwọn ilé orí òpó wọn, pẹ̀lú àwòrán wọn tó dorí kodò nínú omi, ni mo fín sára igbá láì sọ fún bàbá mi tó gba iṣẹ́ náà.

Ìyá ìyàwó ní, "Aláǹgbá tí mo ní kí bàbá rẹ fín dà?"

Àyà mi já. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan, ojú tì mí, nítorí orúkọ bàbá mi ni mo ń bà jẹ́ yìí.

Ìyá ìyàwó dorí igbá kodò láti wá aláǹgbá, wọ́n rí i pé àwọn ilé inú omi ló wá dúró ṣánṣán, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "A dojú ilé dé, ilé ṣì dúró. Gbé e fún ìyàwó."

Ayọ̀ mú mi sunkún nínú ọkọ̀ nígbà tí mo ń padà lọ. Síbẹ̀ mo ṣì máa jẹ́wọ́ fún bàbá mi nílé.