"Slightly" Tí Mo Kọ Ránṣẹ́ sí Kàdúná

Mo ti hùwà òmùgọ̀ rí, àmọ́ èyí tí mo hù lọ́dún 1979 ló ga jù. Ìyá wa ń ṣàìsàn tó lè pa á, èmi ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, mo sì kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ara Màmá "is slightly not well". Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, "slightly" ni pé ó ń ṣe é díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹni lẹ́sẹ̀.

Kí ló dé tí n kò kọ Yorùbá? Mo ka ìwé dé kíláàsì kejì ní Módà, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn pírámárì nígbà náà. Ẹni tó kàwé débẹ̀, tó wá ń kọ Yorùbá sí ará ọ́fíìsì, àwọn ará ilé á ní ìwé tó kà ti ṣòfò.

Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe ní Elegbeka nítòsí Ọ̀wọ̀ nígbà náà, Màmá sì ń gbé lọ́dọ̀ mi. Nǹkan kan wú sí i níkùn. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ kan ò wọlé tán mọ́. Mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọ̀wọ̀, dókítà tẹ ikùn náà síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá wa, tó di olórí ẹbí lẹ́yìn tí bàbá kú, fárígá. Ó ní abẹ kankan ò ní kan ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun títí àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Kàdúná yóò fi dé, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe é. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò lè pọn Màmá, mo lè fọ aṣọ rẹ̀, n kò lè buwọ́ lùwé fún dókítà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti bébà, tí ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ẹ̀gbọ́n mi á gbéra lójijì, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀, tírélà sì pọ̀ lọ́nà Lọ́kọ́ja. Mo tún ń bẹ̀rù pé bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ burúkú sílẹ̀, kó má lọ ṣẹ. Èmi tí mo máa ń fi ọwọ́ lásán fa ejò kúrò nídìí ẹrù irin, yíǹkì ni mo ń sá fún. Mo kàn fi kún un pé inú ló ń dà á láàmú, n kò dárúkọ iṣẹ́ abẹ.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ra oògùn inú rírun fún Màmá, òun ń bọ̀ lásìkò Kérésìmesì. Oṣù kẹsàn-án la wà.

Mo mú èsì náà tọ tíṣà obìnrin kan lọ, oníbàárà mi ni, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ wọn ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo sọ ohun tí mo kọ fún un.

Ó wò mí. "Bọ̀dá, ta ló ní 'slightly', ṣé Màmá ni àbí ẹ̀yin?"

"Èmi ni, Anti."

"Ẹ̀rù ló kọ lẹ́tà yẹn. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó fi igi ya àkàbà sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fi "slightly" àti "a little" sí ìsàlẹ̀, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó fi "fairly", "rather" àti "quite" sí àárín. "Very" wà lókè wọn, lẹ́yìn náà "seriously". "Extremely" ló gun orí gbogbo wọn.

Mo ní, "Anti, ṣé n kò lè kọ 'very' lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí nọ́ọ̀tì ńlá bá wà lára kẹ̀kẹ́, ṣé sípánà kékeré lẹ máa fi tú u lẹ́ẹ̀mẹ́rin?"

"Rárá o, kò lè wọ̀ ọ́. Èyí tó bá a mu ni màá wá."

"Ẹ lọ wá a, kẹ́ ẹ sì lọ tẹ wáyà ní pósófíìsì, òun ló máa ń tètè dé. Ẹ má kọ lẹ́tà mọ́."

Ní pósófíìsì Ọ̀wọ̀, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ "Mama", ọwọ́ mi sì dúró. Òógùn bò mí bí ẹni pé pósí ni mo fẹ́ buwọ́ lù.

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn fèrèsé kígbe, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ sùn síbẹ̀ ni? Ẹ ò rí àwọn èèyàn lẹ́yìn yín?"

"'Extremely' ni mo ń wò."

"Ẹ kọ ọ́, ẹ yéé wò ó!"

Mo kọ ọ́: "Mama extremely ill come now." Kò sí ohun tó ṣe mí. Àrá ò sán.

Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé, eruku ọ̀nà wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe é, ó buwọ́ lùwé, wọ́n sì gbé Màmá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní nǹkan tí òun yọ tó àgbọn kékeré, pé ká ní ó tún lo ọ̀sẹ̀ kan sí i, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí Màmá ti ń mu omi ẹ̀kọ, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìwọ! Díẹ̀ lo ní ó ń ṣe é. Díẹ̀! Tí mo bá wá bá òkú ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má bẹ̀ mí! Ṣé o gbọ́ ohun tí dókítà sọ?"

Màmá, tí a rò pé ó ti sùn, lanu. Èdè Ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́, àmọ́ màá kọ ọ́ bí gbogbo wa yóò ṣe gbọ́ ọ.

Ó ní, "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Nígbà tí bàbá yín kú, kí la ní kí wọ́n wá sọ fún ọ? Ṣebí a ní bàbá ń béèrè rẹ, kó o yà wá kí i díẹ̀? Lọ́jọ́ kejì lo wọlé, aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú wà nínú báàgì rẹ. Ta ló wá kọ́ ọ ní Kàdúná pé díẹ̀ tí wọ́n bá sọ nílé wa, díẹ̀ ni?"