Wọ́n Jẹ Adìyẹ Tán, Wọ́n Ní A Ò Nílò Ìrànlọ́wọ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí owó yunifásítì, torí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́kàn mi, kò sì yéé dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ kan ní dípátímẹ́ǹtì wa wá bá mi pé kí n bá òun wo ìwé tí òun fẹ́ fi tọrọ owó. Ó ní "public engagement" ni wọ́n ń pè é báyìí. Nígbà tiwa, láyé àwọn ṣọ́jà, "town and gown" là ń pè é. Yunifásítì á fún olùkọ́ lówó kó fi gbé ìmọ̀ rẹ̀ jáde kúrò nínú ọgbà, kó mú un tọ ará ìlú lọ. Ó dùn létí, àbí? Ó mà dùn létí o!

Lẹ́kíṣọ̀ obìnrin kékeré ni mí nígbà náà, iṣẹ́ omi ni mo ń ṣe: kí ló wà nínú omi tí à ń mu, kí ló ń ṣe sí ara wa. Agbo ilé kan wà ládùúgbò Ìlódè tí mo máa ń lọ bu omi kànga wọn wá sí láàbù. Ẹ̀yin ará mi, omi yẹn burú! Kànga náà ò jìnnà sí ṣalánga rárá, ẹnu rẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé tójò bá rọ̀, àgbàrá á wọnú ẹ̀ tààrà. Táífọ́ọ̀dù kì í kúrò nínú ilé yẹn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Ràmótá, ẹlẹ́nu bí abẹ, tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé olè omi ni mí. Wọ́n ti dá a dúró sí ọsibítù rí. Ara rẹ̀ yá, kò pẹ́ ó tún padà síbẹ̀.

Èrò mi ò le. Ká gbẹ́ kànga tuntun síbi tó jìnnà sí ṣalánga, ká fi símẹ́ńtì gbé ẹnu rẹ̀ sókè, ká dé e, kí n sì kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú omi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi tọrọ owó. Kọmítì tó ń pín owó náà pè mí, wọ́n ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn á wá fojú ara àwọn rí ibẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Inú mi dùn! Mo ní ẹni tó bá ti rí kànga yẹn, kò tún ní béèrè ìbéèrè kankan.

Mo lọ sọ fún Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù nínú agbo ilé náà, pé àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè láti wá wo kànga. Ó ní àwọn á máa retí wọn. Ohun tí mo sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbí ta ló máa ń kìlọ̀ fún ọmọ Yorùbá pé kó má tún ilé ṣe de àlejò?

Nígbà tí bọ́ọ̀sì yunifásítì gbé wa débẹ̀, mi ò mọ ilé náà mọ́. Háà! Wọ́n ti fa omi kànga gbẹ, wọ́n ti bọ́ sínú rẹ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ẹnu rẹ̀ yíká. Omi tuntun tó sun jáde mọ́ lójú gan-an. Wọ́n fi ẹní bo ṣalánga, wọ́n tún to òdòdó síwájú ẹ̀! Ìrẹsì ń ta sánsán, wọ́n ti pa gbogbo adìyẹ Ìyá Ràmótá, míńírà wà nínú báàfù tó kún fún yìnyín.

Mo fa Ìyá Ràmótá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í pé ọmọ dà, torí mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti tún gbóná lọ́sẹ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àwọn ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ládùúgbò Ilare láàárọ̀, òun àti àwọn ọmọ tó kù tí ara wọn ò yá, kí àlejò ńlá má baà bá àìsàn nílé.

Alága kọmítì, ọ̀jọ̀gbọ́n alágbádá kan, bi Ìyá Àgbà pé ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà, ṣé omi ò dá wọn láàmú. Kí lẹ rò pé ìyá àgbàlagbà máa sọ fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó? "A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Àlàáfíà la wà. Àlùhámúdù lílàhì." Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan oúnjẹ ná, ọ̀rọ̀ ò ní sá lọ.

Mo dá sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, kó má baà dà bíi pé mò ń pe ìyá lónírọ́ nílé ara rẹ̀. Mo ní nítorí àlejò ni wọ́n ṣe tún ibẹ̀ ṣe, pé àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn wà ní Ilare, ká jọ lọ wò wọ́n. Alága ń fi eyín ya itan adìyẹ lọ́wọ́. Ó ní kí n fara balẹ̀, kí n má ba àsè alásè jẹ́. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín.

Ká ní òyìnbó ni wọ́n, ǹ bá ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn! Ìyá ta nínú wọn ni kì í gbálẹ̀ de àlejò? Ìyá ta ni wọ́n á kí tí kò ní kọ́kọ́ dúpẹ́? Wọ́n mọ̀. Mo ní wọ́n mọ̀! Wọ́n kàn ń wá ohun tí wọ́n á rí wí ni.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní kò hàn sí àwọn pé àwọn ará ibẹ̀ ṣe aláìní. Kànga wọn mọ́, ara wọn le, wọ́n sì rí jẹ débi pé wọ́n ń ṣe àlejò. Ẹ gbọ́ o! Adìyẹ tí wọ́n jẹ ni wọ́n fi dá ẹni tó sè é lẹ́jọ́. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo làwọn kọmítì yìí wò?

Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n wá gbé owó náà fún? Ọ̀rẹ́ alága! Ó fi ṣe ìpàdé ọlọ́jọ́ kan nínú gbọ̀ngàn ọgbà, lórí bó ṣe yẹ kí yunifásítì máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Mo lọ síbẹ̀. Mi ò rí ará ìlú kankan àfi àwọn tó ń pín omi.

Mo padà sí Ìlódè. Ìyá Àgbà ń béèrè bóyá àwọn ọ̀gá mi délé láyọ̀, bóyá oúnjẹ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo ní ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìyá Ràmótá nìkan ni mo sọ òótọ́ fún, torí òun ló ń bi mí ìgbà tí àwọn agbẹ́kànga máa dé. Ó wá bi mí pé, ká ní àwọn jẹ́ kí wọ́n bá ìdọ̀tí àti ọmọ aláìsàn nílé, ṣé wọn ì bá fún àwọn lówó náà? Mo ní bóyá.

Ó mi orí. "Àǹtí, wọn ì bá pè wá ní ọ̀bùn. Wọn ì bá ní ẹ̀kọ́ ilé la nílò, kì í ṣe kànga."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ àwọn ọ̀gá mi dáadáa.

Òjò bẹ̀rẹ̀, àgbàrá wọ kànga ọlọ́dà funfun náà bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́. Ràmótá ò rí ìparí ìgbà òjò yẹn. Táífọ́ọ̀dù ti dá ìfun rẹ̀ lu kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin ilé yẹn kó ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ kànga tuntun fúnra wọn. Kò sí kọmítì kankan tó wá jẹun níbẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ dípátímẹ́ǹtì wa nìyí: kó tó mú ọ̀gá kankan dé ilé ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ sọ fáwọn onílé gbangba pé kí wọ́n fi ohun gbogbo sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ojú má tì wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jókòó nínú kọmítì, tí tálákà bá gbé itan adìyẹ fún yín, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n gbé pamọ́ nítorí yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti jẹ oúnjẹ yín tán rí, tó wá fi oúnjẹ yẹn tì yín síta? Ẹ sọ ọ́ síbí, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì bẹ̀ mí pé kí n gbàgbé o. Ràmótá ì bá ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí.