Orin Tí Bàbá Mi Kò Gbọ́ Tán

Òórùn kòkó ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Nínú ilé ìkó-kòkó-sí àtijọ́ kan nítòsí Ẹnuwá, ní Ilé-Ifẹ̀, la ti ń ṣeré láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ń ti yunifásítì pa lemọ́lemọ́. Olùkọ́ tó dá ẹgbẹ́ eré wa sílẹ̀ ló kó kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti òkè òkun: orin ìgbéyàwó àwọn Júù, ti àwọn ará Bákánì ní Yúróòpù, àti ijó Kúbà. Ó pò wọ́n pọ̀, ó fi eré orí ìtàgé sí i. Èmi ni mo ń tẹ akọ́díọ̀nì, dùùrù kékeré tí à ń gbé kọ́ àyà.

Bàbá mi, olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní, "Mo ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé. Orin tí ò bá múnú èèyàn dùn, ariwo ni. Tó bá jẹ́ ariwo ni, Ìpetumodù lò ń lọ, wàá kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ àǹtí ẹ."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Ọkàn mi balẹ̀. Nínú eré wa, ìyàwó á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ dágbére fún ilé, fèrè á máa sunkún lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni orin á gbiná, tí gbogbo wa á bẹ́ sí ijó. Apá kejì yìí ni mo gbójú lé.

Lọ́sàn-án Sátidé, bàbá mi jókòó sí ìlà kejì. Ìyàwó kúnlẹ̀, fèrè sunkún. Àṣé a ti gbàgbé pé Ifẹ̀ la wà. Ìyá àgbà kan gun orí ìtàgé, ó gbọ́wọ́ lé ọmọ tó ń ṣe ìyàwó lórí: "O ò ní fẹkún padà wálé." Gbogbo ilé ṣe àmín. Òmíràn gùn ún, òmíràn tún tẹ̀lé e. Ta ni yóò já àdúrà gbà mọ́ àgbà lẹ́nu? Bàbá mi wo aago, ó dìde. Mo fẹ́ ké pé orin ṣì kù. Mo fẹ́ tẹ apá kejì, kí àdúrà bàjẹ́ tó bá fẹ́ bàjẹ́. Omi ń bọ́ lójú mi, ẹnu mi sì ń ṣe "Àmín, àmín" títí bàbá mi fi jáde. Nígbà tá a tó kọ apá tó kù, àwọn èèyàn jó débi pé eruku sọ.

Nílé, mo ní, "Bàbá, ẹ ò dúró gbọ́ èyí tó dùn." Ó ní, "Ẹkún tí mo gbọ́ ti tó mi." Ní Mọ́ńdè, mo ti wà ní Ìpetumodù.

Iṣẹ́ télọ̀ bọ́ mi yó, mi ò ní purọ́. Bàbá mi ti kú báyìí, ó sì kú pẹ̀lú èrò pé ẹkún ni mo yàn láàyò. Mi ò bínú sí àwọn ìyá yẹn, àdúrà rere ni wọ́n gbà. Ara mi ni mò ń bínú sí. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ń bọ̀, mo sì ń wo bàbá mi títí ó fi jáde.