Sípíkà Bàbá Mi àti Àwo Tánganran Ìyá Mi

Ní gbogbo ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé ní Òkaka, ejò ò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, pàṣán ààfáà ilé kéwú náà, ara mi ti mọ́ ọn. Sípíkà bàbá mi ló máa ń já mi láyà. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á ní Ṣakí, wọ́n sì dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà wọn wálé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi ni wọ́n gbé e lé, nítorí kò sí ibòmíràn ní pálọ̀ wa.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni àwo tánganran tí ìyá ìyá mi fi sin ọmọ wọn lọ sílé ọkọ wà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lápá ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í jẹun nínú irú àwo bẹ́ẹ̀. Bí Iléyá bá ń bọ̀, a ó fọ̀ wọ́n, a ó nù wọ́n, a ó tún tò wọ́n padà. Ìyá àgbà sì ti kú.

Lẹ́yìn ìrun Alàásárì, bàbá mi á ti oko dé, wọ́n á tan sípíkà. Wáàsí kì í yọ wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí fújì bá bẹ̀rẹ̀, háà! Kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n rìrì, àwọn àwo á máa sún díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sí etí, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti jábọ́ tipẹ́. Lọ́jọ́ kan, àwo kékeré kan já bọ́, ó fọ́. Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n ṣa àfọ́kù rẹ̀ sínú ìró wọn, wọ́n ní, “Bàbá Sìdí, ọjọ́ tí èyí tó tóbi yẹn bá fọ́, Ìpàpó nílé wa ni kí ẹ ti máa wá mi.”

Ìyá mi kì í sọ ohun tí wọn ò ní ṣe. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà, mo máa ń fi eré tẹ́ńtẹ́ sílẹ̀, màá sáré wọlé lọ fi ọwọ́ di àwo mú.

Bàbá mi náà gbìyànjú. Wọ́n fi aṣọ gbígbó sábẹ́ sípíkà, pàbó. Wọ́n wá gbé e lé orí àpò ọkà bàbà tó kún dẹ́nu lápá kejì pálọ̀, ni kọ́bọ́ọ̀dù bá dúró jẹ́ẹ́! Ọkà gbé gbogbo gbígbọ̀n náà mì. A yọ̀, a gbàgbé pé inú àpò yẹn náà la ti ń jẹun.

Bí ìyá mi bá ti ki kọ́ńgò bọ àpò, màá rí i pé ọkà ń dín kù lábẹ́ sípíkà. Ni mo bá ń sọ pé mo ti yó, èmi tí wọ́n ń pè ní alájẹkì! Ìyá mi fọwọ́ kan ọrùn mi, wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún mi ní àgbo kíkorò mu. Síbẹ̀, nígbà tí òjò fi máa dé, àpò ti rọ wọlẹ̀, sípíkà sì padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ kan tí àlejò wá kí bàbá mi, wọ́n yí ohùn sípíkà sókè. Àwo ńlá náà yọ orí síta. Mo dì mọ́ ọn, mò ń gbọ̀n ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ìyá mi wọlé wá mú iyọ̀, wọ́n bá mi níbẹ̀.

“Sìdí, kí lò ń ṣe?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sí Ìpàpó.” Mo bú sẹ́kún débi tí bàbá mi fi gbọ́.

Bàbá mi fúnra wọn ló pa fújì. Wọ́n gé tíúbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n fi há abẹ́ sípíkà ní igun kọ̀ọ̀kan, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí àpò ọkà wà tẹ́lẹ̀, tó jìnnà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá mi ò dárúkọ Ìpàpó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Sípíkà àwọn ọmọ mi lóde òní kò ju ike omi lọ, fóònù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, rọ́bà sì ti wà lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí, ohunkóhun kì í mì. Síbẹ̀, bí orin bá ti le, mi ò ní mọ ìgbà tí màá fi dìde lọ fọwọ́ di tábìlì mú. Àbíkẹ́yìn mi bi mí pé, “Mọ́mì, kí lẹ dì mú?”

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ìyá mi ni mo dì mú.